Wẹ́lífíà Kò Tíì Dé Abereke

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní Abereke, ìlú etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Omi ni yóò tọ̀ dé Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, kó tó rí títì tó gba Òkìtìpupa lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ wá rò ó wò pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹni náà, pé ẹni tó ń tọ́ ọ gan-an ló ń sá fún, pé kò sì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Òfin wà. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Àmọ́ òfin kì í tukọ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ni yóò lọ wo ọmọ náà lójú, tí yóò bá a jókòó títí ẹ̀rù yóò fi kúrò lára rẹ̀, tí yóò sì tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Ní àgbègbè omi, ìrìn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọkọ̀, awakọ̀ àti epo bẹntiróò, ó sì lè gba odindi ọjọ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ tálákà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú Victoria Climbié, ọmọ Côte d'Ivoire, kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ pé ó ń lọ kàwé nílẹ̀ òyìnbó, bí àwa náà ṣe ń fa ọmọ lé ẹbí lọ́wọ́. Ní London, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ọdún 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìwádìí Lord Laming lórí ikú rẹ̀, tó jáde ní 2003, fi hàn pé ẹjọ́ ọmọdé 19 ló wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o ní ìjọba ìbílẹ̀ Haringey, nígbà tí ìlànà ibẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ju 12 lọ. Òṣìṣẹ́ náà kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n gbà pé ọmọ náà àti ẹni tó ń tọ́ ọ ti kó lọ. Ọjọ́ tí ọmọ náà kú gan-an ni wọ́n pa fáìlì rẹ̀ dé.

Victoria ṣì ní fáìlì. Ọmọ tiwa tó ń dúró de wẹ́lífíà létí òkun, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan. Èyí ló ń dùn mí jù. Bí wọn kò bá ka àwọn tó ń dúró, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbà?

Òkun náà kò sinmi. Ó ń jẹ àwọn ìlú etí omi wa: Ayétòrò, Abereke àti Àwóyè. Ilé tí omi bá gbé lọ, àwọn ará ibẹ̀ a fọ́n ká: ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ àǹtí, òmíràn sọ́dọ̀ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ dáadáa. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó; nígbà tí ìlú bá tú, àwọn ojú náà a tú.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà tó gbọ́ èdè Ìlàjẹ sí etí òkun, kó máa gbé ibẹ̀. Ẹ ya owó ọkọ̀ àti epo rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ iye ọmọ tí ẹnì kan lè bójú tó sílẹ̀, kí ẹ sì gba òṣìṣẹ́ mìíràn nígbà tí iye náà bá ti pé. Kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí ojú àpá lára ọmọ.