Káàdì Òdòdó Ẹni Méjì

Láti ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn wa ti wọ yunifásítì ni ilé wa ti dákẹ́ rọ́rọ́ bí ọjà tí ó ti tú. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, baálé mi á dojú kọ fóònù tiwọn, èmi náà á dojú kọ tèmi, títí ẹnìkan yóò fi sọ pé ó dàárọ̀. A kò jà. Ọ̀rọ̀ ni kò sí.

Nígbà ọdún Kérésì tí ó kọjá, àkọ́bí wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, wálé, ó sì fi páálí kékeré kan lé mi lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ̀yin àti Dádì ni mo ra èyí fún. Ẹni méjì péré ní í ta á." Mo ṣí i, káàdì ni mo bá níbẹ̀. Inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, nítorí nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹni tí ó bá mú káàdì lọ́wọ́, ọmọ tẹ́tẹ́ ni.

Bàbá mi kò sì jẹ̀bi tán. Àwọn Potogí ni ó kó káàdì dé Japan ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Karuta tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe káàdì, inú èdè Potogí ni ó ti wá. Àwọn ènìyàn ń fi í ta tẹ́tẹ́, ìjọba fòfin dè é. Wọ́n yí àwòrán rẹ̀ padà, ìjọba tún fòfin dè é. Nígbà tí ó yá, nọ́ńbà kúrò lójú káàdì, ó ku òdòdó. Hanafuda ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni káàdì òdòdó. Ilé iṣẹ́ Nintendo tí àwọn ọmọ wa mọ̀ mọ́ géèmù, káàdì yìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kyoto ní ọdún 1889. Oríṣiríṣi eré ni a lè fi ta. Koi-koi ni èyí tí ọmọ mi kọ́ wa. Ọmọ ayò ni a fi ń ka àmì tiwa, a kò fi kọ́bọ̀ sí i.

Bí mo ti dárúkọ ayò yìí, ẹni tí ó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ihò méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 48. Oṣù méjìlá ni ó wà nínú hanafuda, káàdì mẹ́rin mẹ́rin fún oṣù kọ̀ọ̀kan, òun náà di 48. Ewéko tàbí òdòdó ni a fi ń dá oṣù mọ̀: igi páìnì fún oṣù kìn-ín-ní, òdòdó sakura fún oṣù kẹta, botan tí ó ṣù bí gèlè fún oṣù kẹfà, ewé momiji pupa fún oṣù kẹwàá. Ibí yìí ni orí mi ti kọ́kọ́ dàrú, nítorí n kò fojú rí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ nọ́ńbà oṣù sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi pariwo pé mo ti bà á jẹ́; n kò dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín.

Ẹ po káàdì pọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fa ẹyọ kan. Ẹni tí oṣù tirẹ̀ bá ṣáájú ni yóò kọ́kọ́ ta. Ẹ pín mẹ́jọ mẹ́jọ fún ara yín, ẹ ṣí mẹ́jọ sílẹ̀ sí àárín, kí ẹ da ojú 24 tí ó kù délẹ̀. Bí ó bá kàn yín, ẹ mú káàdì kan jáde lọ́wọ́ yín. Bí oṣù rẹ̀ bá bá ọ̀kan nílẹ̀ mu, ẹ kó méjèèjì. Bí kò bá bá ìkankan mu, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí èyí tí ó wà lókè ìdì, kí ẹ ṣe bákan náà fún òun náà. Bí mẹ́ta oṣù kan bá wà nílẹ̀, ẹni tí ó mú ẹ̀kẹrin wá ni ó ni gbogbo rẹ̀.

Iye tí ẹ kó kọ́ ni pàtàkì, bí kò ṣe èyí tí ó bá ara wọn rìn. Ìmàdò, àgbọ̀nrín àti labalábá papọ̀ jẹ́ àmì 5. Òṣùpá pẹ̀lú ife ọtí, 5. Aṣọ títa abẹ́ sakura pẹ̀lú ife yẹn kan náà, 5. Ọ̀já pupa mẹ́ta tí a kọ nǹkan sí, 5. Ọ̀já aró mẹ́ta, 5. Káàdì tí kò ní nǹkan kan ju ewé lọ, ẹ ó kó mẹ́wàá kí ẹ tó rí àmì 1. Káàdì ọlọ́lá márùn-ún ni ó wà. Gbogbo wọn jẹ́ 10, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ 5, bí ọkùnrin alágbòòrùn inú òjò kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ono no Tofu ni ọkùnrin náà, ògbóǹtarìgì nínú ìkọ̀wé. Ìtàn sọ pé àkèré tí ó ń fò, tí ó ń já bọ́, tí ó tún ń fò mọ́ ẹ̀ka igi, ni ó fún un ní ọkàn láti má ṣe jáwọ́. Àkèré náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú káàdì.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí àmì bá bọ́ sí i yín lọ́wọ́ gan-an ni eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè dúró, kí ẹ gba èyí tí ẹ rí. Ẹ sì lè pe "koi-koi", èyí tí ó túmọ̀ sí "wá, wá", kí eré máa lọ, kí ẹ tún rí sí i. Bí àmì yín bá pé 7, ó di ìlọ́po méjì. Bí ẹnìkejì yín bá ṣáájú yín rí tirẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pè é, tirẹ̀ ni ó di ìlọ́po méjì, ẹ̀yin kò sì ní gba nǹkan kan. Eré méjìlá ni a ń ṣe kí a tó ka ẹni tí ó borí, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan.

Èmi a máa tètè dúró. Baálé mi, ọkùnrin tí í ka ṣéńjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó kúrò níwájú ìsọ̀, ni kì í dúró. Ní alẹ́ Sátidé kan, òṣùpá àti ife bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo ti ń na ọwọ́ sí ọmọ ayò márùn-ún kí n kà á fún wọn, ni wọ́n ní, "Koi-koi!" Aṣọ títa ti wà lọ́wọ́ wọn, èmi kò mọ̀; sakura kan péré ni wọ́n ń retí nílẹ̀. Bí ó bá wá, 5 yóò di 10, 10 yóò di 20. Ó kàn mí. Mo ṣí káàdì lókè ìdì: labalábá. Botan wà nílẹ̀, ìmàdò àti àgbọ̀nrín sì ti wà lọ́dọ̀ mi tipẹ́. Mo gba 10.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ìyá Kọ́lá, bí owó oko adìyẹ yẹn náà ṣe lọ nìyẹn."

Ọdún mọ́kànlá ni oko adìyẹ náà ti kógbá sílé. N kò gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu wọn rí, èmi náà kò sì bèèrè mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tà dáadáa ní Kérésì, pé owó ilé ẹ̀kọ́ Kọ́lá ti pé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n tún yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lé e nítorí Àjíǹde. Àrùn wọ ilé adìyẹ ní oṣù kejì. Wọ́n sọ iye tí wọ́n yá fún mi, àti ọdún tí wọ́n san án tán. Mo bèèrè ìbéèrè mi, wọ́n sì dáhùn.

Bí ẹ kò bá rí káàdì náà rà, ó wà lórí fóònù. Àmọ́ ní tiwa, fóònù gan-an ni a ń sá fún. Aago méjìlá ti ń lọ lù ní alẹ́ ọjọ́ náà kí a tó rántí pé eré kẹta péré ni a ti ṣe nínú méjìlá. Wọ́n tún káàdì pò, wọ́n ní kí n fà.