Angkor Jìnnà, Kétu Kò Jìnnà

Ó ti sú wa láti máa gbọ́ gbólóhùn kan náà lọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan ibi tí a ó ti ṣe ìrìn-àjò afẹ́: "Kí ló wà ní Yewa tí èèyàn ń lọ wò?" Lẹ́yìn náà, a ó dáwó jọ, a ó háyà bọ́ọ̀sì, ó di etí òkun l'Ékòó. A ó ya fọ́tò lẹ́bàá omi, a ó jẹ súyà tó gbówó lórí, a ó padà sílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yẹn kò dé Ìmẹ̀kọ rí. Àwọn mìíràn nínú wọn, Ìlaró gan-an ni wọ́n ti ń kàwé.

Ohun tó wá fa ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu wa báyìí ni àwọn fọ́tò tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp láti orílẹ̀-èdè Kàǹbódíà. Ẹ̀gbọ́n lọ wo àwọn tẹ́ńpìlì Angkor. Inú wa dùn sí i o, a kò jowú. Angkor Wat tóbi lóòótọ́. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìlá fún òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Vishnu, kí ó tó wá di ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí àsíá orílẹ̀-èdè wọn. Láti ọdún 2017, dọ́là 37 ni àlejò ń san láti wọlé fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n tún ròyìn oúnjẹ: amok, ìyẹn ẹja tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì tí wọ́n sì fi ooru omi sè, àti prahok, ẹja tí wọ́n ti jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀. Gbogbo èèyàn pariwo. Àwa kàn ń wo ara wa lójú. Ta ni nínú wa tí kò mọ mọ́ín-mọ́ín eléwé? Bí irú bá ń rùn nílé ìyá wa, a ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí prahok bá ń rùn ní Kàǹbódíà, ó di àṣà.

Kétu rèé nítòsí. Láti Ìmẹ̀kọ, ọ̀kadà lè gbé èèyàn débẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, Akaba Ìdẹ́nà, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ògiri amọ̀ àti ilẹ̀kùn pákó rẹ̀. Yàrà àti ògiri ni wọ́n fi yí ìlú ká láyé ogun. Ní 1886 ni Dàhọ̀mì kó Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú, ó sì di 1894 kí ìlú tó tún dúró. Ogun yìí kan náà ló jó Òkè-Ọdàn ní 1848. Ẹni tó bá dúró ní ojúbọ Orónna ní Ìlaró, orúkọ akọni tí ìlú ní ó jà fún wọn nígbà ogun ló ń gbọ́ yẹn. Ẹ ò rí i pé ìtàn kan ṣoṣo ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní Benin, tí èkejì wà lẹ́yìn ilé ìwé wa.

Wọ́n á ní kò sí òkúta ńlá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí. Amọ̀ àti igi ni àwọn baba wa fi ṣiṣẹ́. Amọ̀ ń wó, igi ń ju, àfi kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá lọ, ojúbọ náà lọ nìyẹn. Òkúta Angkor lè dúró de àwọn ọmọ wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò lè dúró.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, wọ́n tún fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Benin, Nàìjíríà àti Togo. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi í wá ojúrere àwọn ìyá wa, àwọn àgbà obìnrin tí agbára wọn lè tún ìlú ṣe tàbí kó bà á jẹ́. Ọkùnrin ló ń gbé igi náà sórí, tó ń wọ aṣọ obìnrin, tó ń jó. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí ojú ọjà, á súre, á fi orin sọ ohun tí àwọn aláṣẹ ṣe, á sì bú ẹni tó yẹ ní bíbú, ojú kò ní tì í. (Àwọn tó rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dá olóṣèlú lóhùn, ẹ pẹ̀lẹ́ o.) Henry Drewal àti Margaret Drewal la òkun kọjá wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, ìwé wọn jáde ní 1983. Babatunde Lawal kọ tirẹ̀ ní 1996. Àwa tí a ń kàwé níbí, kí la ti kọ?

Bàbá agbẹ́gilére kan lọ́nà Ayétòrò sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, òyìnbó ló máa ń wá mi wá. Ọmọ temi gan-an kò fẹ́ fọwọ́ kan igi." A bi í léèrè ibi tí ọmọ náà wà. Ọ̀kadà ló ń gùn.

Àwọn kan nínú wa á ní Kìrìsìtẹ́nì làwọn, Mùsùlùmí làwọn, àwọn kò lè lọ síbi ìbọ̀rìṣà. Ta ló ní kí ẹ bọ ọ́? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó yin Angkor lórí WhatsApp, ilé òrìṣà ni wọ́n ń yìn. Kí ló dé tí òrìṣà ẹlòmíràn fi jẹ́ ìtàn, tí tiwa fi jẹ́ ti Sàtánì? Ẹni tó bá dé ojúbọ kó bọ́ bàtà tí wọ́n bá ní kó bọ́ ọ, kó má ya fọ́tò níbi tí wọ́n bá ní kó má yà. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ọ̀nà. Láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró títí a fi jáwọ́ nínú kíkà.

"Kí lẹ gbé?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, sà. Ẹ̀kọ́ la wá kọ́."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbí? Ìrẹsì fàyàwọ́ ló wà níbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju owó tí awakọ̀ fún wọn lọ. Ní August 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà wọn: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láti 1976. Ìjọba tiwa wá ti bodè pa ní August 2019. Ní November ọdún yẹn, wọ́n ní kí epo bẹntiróòlù má dé ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè, bí ẹni pé gbogbo ará Yewa ni onífàyàwọ́. Ó di April 2022 kí wọ́n tó ṣí Ìdí-Ìrókò. Bẹ́ẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ láàyè láti wọ ìlú kejì láìsí físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ìlera àgbáyé ló yẹ kó mú dání. Bí a bá ní ká máa yẹra nítorí ìdádúró ọ̀nà, a ti gbà fún ọ̀gá yẹn pé òótọ́ ló sọ.

Ní Kétu, ìyá kan tó ń ta wàrà díndín kí wa kí a tó kí i. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìrìn o. Níbo lẹ ti wá?" A ní Ìlaró ni. "Ilé lẹ wá yẹn." Ó fi ẹyọ wàrà méjì kún un, kò gbowó rẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ yọ etí òkun kúrò lọ́dún yìí, kí owó bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ àti Kétu láàárín March sí May, ìgbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jáde. Kí a sanwó fún ẹni tó bá mú wa yíká, kí a gba àṣẹ kí a tó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sì ra igi àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ìdá kan nínú owó ìwé ìwọlé Angkor yẹn á gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, á sì gbé e bọ̀. A ó gbé àbá yìí síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè ohun tó wà ní Yewa, kó wá béèrè rẹ̀ lójú wa níbẹ̀.