Ọyẹ́ àti Ẹ́ńjìnnì Katapílà

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ìdílé tí baba tàbí ọmọ wọn ń wa katapílà, gíréédà tàbí tipa.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè ṣiṣẹ́. Òtútù a máa dín agbára bátìrì kù, a sì máa mú kí ọ́ìlì ki. Ní Kánádà, dísẹ̀lì fúnra rẹ̀ a máa dì. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná mọ́jú. Òtútù tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọ̀tá tiwa. Bí ó bá dí fílítà afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ á máa rú èéfín dúdú, kò sì ní lágbára mọ́.

A gbọ́ pé àwọn kan ń yọ fílítà kúrò pátápátá kí ẹ̀rọ lè rí èémí. Háà! Eruku yóò máa ha inú ẹ́ńjìnnì bí yanrìn, títí yóò fi máa jẹ ọ́ìlì. Bí ó bá bàjẹ́ tán, ta ni ọ̀gá yóò lé? Ẹni tí ó ń wà á ni, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ nílẹ̀.

Ẹ fi afẹ́fẹ́ tí kò le jù fẹ́ fílítà láti inú síta, kì í ṣe láti ìta wọlé. Èyí tí ó bá ti ya, pípààrọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń da bẹntiróòlù sí ẹnu ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Iná lè bù yín lójú.

Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ ra fílítà tuntun, ẹ sọ fún un níwájú ẹlẹ́rìí.