Ta Ló Ni Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà?

"Èló ni wọ́n ń san fún wọn?" Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nìyẹn tí a bá sọ pé àwọn kan wà ní London, Copenhagen àti New York tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Ọsirélíà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń dáwó aṣọ, owó pápá àti owó ọkọ̀. Ni ẹni tó bèèrè á bá bú sẹ́rìn-ín: "Àwọn yẹn ò níṣẹ́ ṣe ni."

Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1859. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, ènìyàn 18 ló ń gbá a ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá mẹ́rin ló sì wà ní orí pápá kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbá a gba àárín ọ̀pá méjì tó ga jù kọjá, o gba àmì 6. O lè fi ìkúùkù lù ú sí ẹnìkejì rẹ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ jù ú. Pápá rẹ̀ lè gùn tó mítà 185. Ibo lèèyàn ti fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú ńlá Yúróòpù? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbá ti ẹni mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án níbẹ̀, lórí pápá kékeré.

Lóòótọ́, àárò ilé ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí. Àwọn ọmọ Ọsirélíà tó wà lókè òkun rí ara wọn, wọ́n háyà pápá, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n mu bíà. Kò burú. Àmọ́ tó bá parí síbẹ̀, ìpàdé ọmọ ìlú lásán ni, àwa náà sì mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó di nǹkan gidi ni ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ tí kò dé Melbourne rí bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tó kọ́ eré náà, tí òun náà sì ń kọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí wà. Ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje International Cup ní Melbourne. Àwọn tó dàgbà sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣojú fún ni wọ́n ṣe é fún. Ireland ló gba ti àkọ́kọ́, New Zealand gba ti 2005, Papua New Guinea gba ti 2008, 2014 àti 2017. Ní 2011, tí Ireland tún gba ti ọkùnrin, àwọn obìnrin ti ń díje níbẹ̀. Líìgì àgbà àwọn obìnrin ní Ọsirélíà gan-an, AFLW, ọdún 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀! Ẹ ò rí i pé àwọn aláìgbowó ti débẹ̀ ṣáájú olówó?

Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń gbá AFL, líìgì olówó ńlá yẹn, Ọsirélíà ni ilé wọn wà. Tí eré yìí bá máa ní ilé kejì, ọwọ́ àwọn aláìgbowó ló wà. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Àwọn yìí ń jìyà tiwọn nínú òtútù àti ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì rèé tí wọn ò tíì dáwọ́ dúró. Líìgì Amẹ́ríkà, USAFL, ti wà láti 1997.

Torí náà, ẹ yé bèèrè iye tí wọ́n ń san. Ohun tó yẹ ká bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni pé: tí gbogbo ọmọ Ọsirélíà inú yín bá di ẹrù wọn lọ sílé lọ́la, ṣé ẹ ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé? Ẹgbẹ́ tó bá lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" ló ni eré náà.