Ògì Lásán Kò Tó Tọ́ Ọmọ

Ní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ti bá jà kí ó tó pé ọdún méjì, olùkọ́ lè má rí gbogbo rẹ̀ tún ṣe mọ́. Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni ó kúrú ju bí ọjọ́ orí wọn ti yẹ lọ.

A mọ̀ pé ọjà gbówó lórí ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáìkò. Síbẹ̀, nínú ilé tí ẹja wà nínú ìkòkò pàápàá, baba ni a sábà ń bù ú fún. Ògì lásán ni ti ọmọ. Àwọn kan ṣì ń wí pé ẹyin a máa sọ ọmọ di olè. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọmú nìkan tó ọmọ, kí ìyá máa po ẹ̀wà tí a sè kúnná, edé tàbí ẹja mọ́ ògì, kí ó má sì tíì já a lẹ́nu ọmú.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní nǹkan bí ọdún 1960, Dókítà David Morley fi káàdì ìwọ̀n ọmọ sí ọwọ́ àwọn ìyá. Bí ìwọ̀n bá dúró lójú kan, a ti mọ̀ kí àìsàn tó wọlé.

A ké sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti Ìbà pé kí òṣùwọ̀n má ṣe wọ́n ní ilé ìtọ́jú kankan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ la àwọn òbí lọ́yẹ̀. Ẹ̀yin baba, ẹ bu ẹja sí àwo ọmọ kí ẹ tó bu tiyín.