Ọmọ Tó Ń Lọ sí Pier 2 Kì Í Ṣe Ọmọ Ìta

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé Brooklyn, ní New York, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn òbí tó máa ń dùn mí: pé ọmọ tó bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ní gbangba, ọmọ ìta ni yóò dà. Ìyá kan tí ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọdún 16 bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni irú yín ń wá láàárín àwọn ọmọ Pier 2 yẹn?" Ìdáhùn mi gùn ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Pier 2 wà nínú Brooklyn Bridge Park, létí East River. Èbúté ẹrù ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù kò gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́, wọ́n sọ etídò náà di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí Pier 2 fún eré ìdárayá ní 2014. Òrùlé wà, ògiri kò sí. Òjò kì í pa ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ odò ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, débi pé bọ́ọ̀lù tí o jù láti òkèèrè lè yà bàrá kó tó dé àwọ̀n. Àwọn ilé gogoro Manhattan dúró lọ́ọ̀ọ́kán lódìkejì. Olówó ló ń ra ilé tó kọjú sí odò yẹn. Lábẹ́ òrùlé yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Kò sí rẹfirí níbẹ̀. Bí o bá dé, wàá béèrè ẹni tó kàn, wàá sì sọ pé ìwọ lo tẹ̀ lé e. Márùn-ún sí márùn-ún ni. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jẹ 11 ló borí, òun ni yóò dúró. Ẹni tó bá pàdánù yóò jáde, lọ́jọ́ Sátidé ó lè jókòó títí kó tó tún kàn án. Bí wọ́n bá gbá ọ lọ́wọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa pe fáòlù. Mo rí ọmọ kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n, tó pe fáòlù nígbà tí ayò ti di 10 sí 10. Ọkùnrin tó gbá a fi orí kan ga jù ú lọ, ó ní irọ́ ni. Eré dúró, ariwo ta. Ọmọ náà kò bú u, kò sì sá. Ó gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ibi tí èékánná ti ha á hàn án. Ọkùnrin náà wò ó, ó gbà pé fáòlù ni. Àwọn ọmọ wa tí a ń sọ fún nílé pé kí wọ́n dákẹ́ níwájú àgbà, níbo ni wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ẹ̀tọ́ ẹni láì rí àgbà fín?

Mo mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ 2015. Òótọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ jà níbẹ̀ lọ́dún náà, àwọn kan ládùúgbò sì ní kí wọ́n kó àwọn àwọ̀n náà kúrò. Wọn kò kó wọn, inú mi sì dùn sí i. Ẹ wo ohun tí àìsí àwọ̀n ń fà: nígbà tí ìjọba ìlú yọ irin àwọ̀n lọ́pọ̀ pápá ní March 2020 nítorí àrùn Kòrónà, orí fóònù làwọn ọmọ kó sí. Mo rí i nínú ilé tèmi.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó. Ó ti balágà kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Asọ́lé ni tẹ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì ní Houston, kì í ṣe kóòṣì nìkan ló kọ́ ọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ sí Fonde, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ti ìjọba ìlú, níbi tí Moses Malone, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì ìgbà náà, ti ń fi èjìká tì í kiri. Ẹni tí wọ́n ń tì kiri yẹn ló gba ife-ẹ̀yẹ NBA pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wọn lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Borough Hall, kí ẹ gba Joralemon Street sọ̀kalẹ̀ sí etídò láàárọ̀ Sátidé, kí èrò tó pọ̀. Kí ọmọ mú omi dání. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ béèrè ẹni tó kàn. Ẹ má bá a béèrè.