Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Láti Nyanya: Ẹ Bá Wa Dáàbò Bo Orúkọ Tí A Fi Pamọ́

Nyanya, Àbújá.
Oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Àjọ Tó Ń Dáàbò Bo Dátà ní Nàìjíríà (NDPC),
Àbújá.

Ọ̀gá wa, ẹni ọ̀wọ̀,

ẸBẸ̀ LÓRÍ BÍ ILÉ-IṢẸ́ AYÁNILÓWÓ KAN ṢE TÚ ORÚKỌ ÀWỌN ARÁ ÀDÚGBÒ WA SÍTA, ÀTI ÀÀBÒ TÍ A Ń TỌRỌ LỌ́WỌ́ YÍN

A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹjọ́ wa wá síwájú yín.

1. Ayálégbé, oníṣòwò, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba onípò kékeré ni wá. Nyanya là ń gbé. Àwọn kan nínú wa ń sùn ní Mararaba, lápá Nasarawa, wọ́n sì ń wá ṣòwò lọ́dọ̀ wa. A ní gúrúùpù kékeré kan lórí Telegram. Telegram la yàn nítorí ó gba ènìyàn láyè láti fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pamọ́. Ìnagijẹ ni oníkálukú ń jẹ́ níbẹ̀. Obìnrin kan ló ń ṣàkóso rẹ̀, òun nìkan ló sì mọ ẹni tó ń jẹ́ kí ni, torí òun ló ń gba ènìyàn wọlé, kí ẹni tí a kò mọ̀ rí má baà já wọ àárín wa.

2. Ohun tí à ń sọ níbẹ̀ kò kọjá ohun tí ará àdúgbò ń bá ara wọn sọ: onílé tó gba owó ọdún méjì tí kò sì kó ṣáláńgá tó ti kún, iná tó lọ tí kò dé mọ́, ibi tí àwọn “one chance” ti ń gbé èrò lọ́wọ́ alẹ́. Ẹlòmíràn á béèrè ibi tó ti lè ṣàyẹ̀wò àrùn láìjẹ́ pé ojúlùmọ̀ rí òun. Aya tí ọkọ ń lù á béèrè ibi tó lè sá sí. Kò sí ẹni tó máa fi orúkọ tí bàbá sọ ọ́ béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé.

3. Lọ́dún yìí, ọmọ obìnrin tó ń ṣàkóso gúrúùpù náà ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ sì yá owó lórí áàpù kan. Kí áàpù náà tó yọ owó sílẹ̀, ó ní kó ṣí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ fún òun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kì í dúró ka ìwé àdéhùn, ó gbà. Nínú fóònù yẹn ló ti kọ orúkọ gidi, ìnagijẹ àti ojúlé kálukú wa pọ̀, kó má baà ṣì wá mú fún ara wa. Nígbà tí ọjọ́ owó kọjá, àwọn agbowó ilé-iṣẹ́ náà ṣí gúrúùpù kan sórí WhatsApp. Wọ́n kó nọ́ńbà tí wọ́n rí sínú rẹ̀, wọ́n gbé fọ́tò obìnrin náà síbẹ̀, wọ́n kọ “olè” sí i nísàlẹ̀. Wọ́n wá to orúkọ wa tẹ̀léra gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fóònù rẹ̀, wọ́n ní àwa ni onídùúró. Onílé wà nínú gúrúùpù yẹn. Àwọn ìyá ọjà wà níbẹ̀. Ọkọ tó ń lu ìyàwó wà níbẹ̀.

4. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo wọn ti mọ ẹni tó ń jẹ́ kí ni. Ẹni tó kọ̀wé nípa ṣáláńgá gba ìwé pé kó kó jáde nílé. Nígbà tó béèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, onílé ní òun lè fi òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e. Abala 24 òfin ọdún 2015 yẹn náà ni ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti sọ̀rọ̀. Ìjọba tún un ṣe ní ọdún 2024, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì tó fi dẹ́rù ba ayálégbé. Oníṣòwò kan tó ta àwọn aládùúgbò lólobó nípa àwọn tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù ti kó kúrò nítorí ìhàlẹ̀. Àwọn oníbàárà obìnrin tó béèrè nípa àyẹ̀wò kì í yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyá ọmọ ti san gbèsè rẹ̀ tán, tòun ti èlé. Àmọ́ orúkọ tó ti jáde kò ṣe é dá padà sínú.

5. Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, tó dá àjọ yín sílẹ̀, sọ ní abala 24 pé ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn nítorí iṣẹ́ kan, wọn kò gbọdọ̀ yí i sí iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì gbọdọ̀ gbà ju èyí tí iṣẹ́ náà nílò. Obìnrin yẹn lè fọwọ́ sí ti ara rẹ̀. Kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí tiwa. Àwa kò yá owó. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè.

6. Kì í ṣe òní ni irú ìwà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending, nítorí bó ṣe tẹ àṣírí àwọn ènìyàn lójú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Èkó. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google kò gba áàpù ayánilówó láyè mọ́ láti wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù oníbàárà. Èyí tó dé ọwọ́ obìnrin wa kò gba Play Store kọjá: línkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin pẹ̀lú ti fi hàn pé apá yín ká àwọn ńlá. Ní oṣù Keje ọdún yìí, ẹ bu ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 766 náírà lé MultiChoice. A yìn yín fún un. Ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ, orúkọ wa sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó kó o. Ohun tó mú wa wá nìyẹn.

7. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, àwọn àgbà kan ládùúgbò ní ìnagijẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ (NIN) wá kó tó lè lanu sọ̀rọ̀. A bẹ̀ yín, ẹ bá wa dá èyí dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta ìwé NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà, wọ́n sì ní àwọn rí ti Mínísítà Bosun Tijani rà níbẹ̀. Àjọ NIMC ní kò sí ẹni tó já wọ ibi tí àwọn kó dátà pamọ́ sí. Ibi yòówù kó ti jò, bí ti mínísítà bá lè dé orí àtẹ, ti ẹni tó ń ta tòmátò ní ọjà Nyanya ńkọ́, tó jẹ́ pé inú fóònù aládùúgbò rẹ̀ lásán ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí? Orúkọ wa nìkan ló jò lọ́tẹ̀ yìí. Ká ní NIN wa wà níbẹ̀ ni, à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

8. A mọ ohun tí àwọn agbófinró máa sọ: pé abẹ́ ìbòjú ni ọ̀daràn ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àgbọ́sọ fún ará Nyanya. Ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì wa nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó kú lé ní 70. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, òmíràn bú nítòsí ibẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Nyanya àti ní Kuje. Wọ́n ń sọ fún wa pé bí a bá rí ohun tó fu wá lára, kí a wí. A fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọkọ̀ tí kò mọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé ta ni yóò mọ̀ pé òun lòun sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀, á ti fèrèsé rẹ̀, á lọ sùn. Àdúgbò tí wọ́n ti gba ìbòjú lọ́wọ́ olóòótọ́, ọ̀daràn nìkan ni ìbòjú kù sí lọ́wọ́, torí òun kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

9. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tó gbé ètò ìtanilólobó kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó ṣèlérí láti fi orúkọ ẹni tó bá sọ pamọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, irú olobó bẹ́ẹ̀ ló gbé EFCC dé ilé kan ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là. Bó bá tọ́ kí a bo ẹni tó tú àṣírí dọ́là, ó tọ́ kí a bo ẹni tó ní ṣáláńgá ti kún. Àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ eégún lè bá ọba wí, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bọ́ ọ láṣọ láàárín ọjà. Síbẹ̀ kì í ṣe pé ó bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí: Alágbàá mọ ẹni tó gbé eégún, bó bá sì ṣẹ̀, inú ìgbàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a ṣẹjọ́. Ohun tí à ń tọrọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹnì kan mọ̀ wá, kó sì jẹ́ pé àṣẹ ilé ẹjọ́ nìkan ló lè mú un dárúkọ wa.

10. Nítorí náà, a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé:

(a) kí ẹ wádìí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì pàṣẹ pé kó pa orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí kò yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, kó mú ẹ̀rí wá pé òun ti pa á rẹ́, kó sì sọ àwọn tó ti fún;

(b) kí ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí olúkúlùkù ẹni tó kó wọ gúrúùpù ìtìjú yẹn, kó sọ fún wọn pé obìnrin náà kì í ṣe olè, àwa kì í sì í ṣe onídùúró;

(c) kí ẹ bá wa kọ ìlànà kúkúrú fún àwọn tó ń ṣàkóso gúrúùpù kéékèèké, ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gbagyi. Abala 3 òfin yín yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ nìkan sílẹ̀. A kò mọ ibi tí irú tiwa bọ́ sí. Ìlànà gbogbogbò tí ẹ gbé jáde lọ́dún yìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ìwé àwọn agbẹjọ́rò ni. Ẹ sọ fún wa ní èdè ilé: kí ni alákòóso lè kọ pamọ́, báwo ni yóò ti pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe pa á rẹ́?

(d) kí ẹ bá àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi NIN ṣe owó ibodè fún ará àdúgbò tó fẹ́ sọ̀rọ̀;

(e) kí ẹ ya ọ̀nà ìfisùn kan sọ́tọ̀ tí orúkọ olùfisùn kò ní dé etí ẹni tó fi sùn, àyàfi bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba íntánẹ́ẹ̀tì náà sì lè gba ibẹ̀ wọlé;

(f) kí ẹ bá wa kàn sí Legal Aid Council. Òfin yín gba ẹni tí wọ́n pa lára láyè láti béèrè owó gbà-máà-bínú nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n apá wa kò ká owó agbẹjọ́rò tó máa bá wa rò ó dópin.

11. A mọ̀ pé ìwé ẹ̀sùn tí kò lórúkọ kì í pẹ́ di ohun àjùsẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa lórúkọ. Agbẹjọ́rò tó bá wa mú ìwé yìí wá ti di orúkọ wa, àdírẹ́sì wa, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti àwòrán ohun tó kọ ránṣẹ́ sínú àpòòwé ọ̀tọ̀. A bẹ̀ yín kó jẹ́ pé ẹni tí ẹ bá yàn fún ìwádìí nìkan ni yóò ṣí i. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, a ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pè wá, kí ẹ má sì pè wá pọ̀ sí yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn tí a fi sùn.



Àwa ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Àwọn ayálégbé àti oníṣòwò Nyanya tí orúkọ wọn wà nínú àpòòwé.